Mi Ò Tíì Tajà

Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lé díẹ̀, ọmọbìnrin kan máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní Àgbowó. Bó bá ti ku díẹ̀ kó kàn mí, á sọdá sí òdìkejì títì, bó bá sì kọjá tán, á tún sọdá padà. Kì í bú mi, kì í yínmú sí mi. Kódà bí ojú wa bá ṣe mẹ́rin, á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀ mà", á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kíkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ó ń bú mi ni, mo mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn, torí gbogbo ẹni tó wà lórí títì wa ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ọmọ tó ń kíni dáadáa, tí kò kàn jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilé ẹni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, bẹ́ẹ̀ inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, a kì í sì í tijú ẹ̀rí jíjẹ́ ní tiwa. Ẹ̀rí ibi tí Ọlọ́run ti ṣe é fúnni ló dùn ún jẹ́. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́, ta ló fẹ́ bọ́ síwájú ìjọ kó máa sọ ọ́? Nítorí náà, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ohùn jẹ́jẹ́ rò ó fún yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Oògùn òyìnbó ni mò ń tà, Ìyá Kẹ́míìsì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ìyá kan ní ìlú wa ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, Màmá Olóògùn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ara páálí, bí wọ́n ṣe ń wo ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí kò yẹ kó lò padà sílé láìjẹ́ kí ojú tì í. Wọ́n sì kọ́ mi ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan: a kì í tàwìn láàárọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, owó ni kó mú wá, owó tí ọwọ́ lè dì mú. Bó ti wù kó kéré tó, Màmá á gbà á, wọ́n á fi ra àwọn páálí oògùn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kí èyí lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá." Wọ́n ní bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi lè gba àwìn, àwìn ni ọjọ́ náà máa jẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo gba firídọ̀mù tí mo forí lé Ìbàdàn, n kò mú ohun púpọ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ mo mú òfin yẹn dání.

Mo sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ilé tí mo kọ́ sí Àpẹ̀tẹ̀, kẹ́míìsì yẹn ló kọ́ ọ. Ọmọ méjì tí mo rán ní ilé ẹ̀kọ́, kẹ́míìsì yẹn ló rán wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé asán ni, ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Ṣé asán ló ń kọ́lé ni?

Nígbà tí owó orí fóònù wọ àdúgbò wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé a fẹ́ràn rẹ̀ la ṣe gbà á. Àwọn ọmọ ilé báńkì a máa wá, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, wọ́n á pín fìlà fún wa, a ó dé fìlà wọn, a ó sì máa gba káàṣì wa lọ. Ẹni tó bá sọ pé ìpolówó ló yí òun lọ́kàn padà, ẹ bi í léèrè dáadáa, nǹkan mìíràn wà nídìí ẹ̀. Ìyá Ìbejì tó ń ta irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ rẹ̀ ló yí i padà. Bó bá ti délé báyìí, ọkọ á ti na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, á ní òun kàn fẹ́ yá díẹ̀. Ọjọ́ tí owó kó sínú fóònù tí ọkọ kò mọ nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ni àlàáfíà tó wọ ilé wọn. Bàbá Wàsíù, télọ̀ tó wà lápá ọ̀tún mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ṣéńjì ló lé tiwọn débẹ̀. Wọ́n á bá oníkẹ̀kẹ́ jà nítorí ṣéńjì láàárọ̀, wọ́n á bá oníbàárà jà nítorí ṣéńjì lọ́sàn-án, títí wọ́n fi sọ pé ọjọ́ orí àwọn kò gba irú ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó wá di ìgbà tí káàṣì wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti ìdájí, àwọn tó kù náà bá gbé fóònù jáde. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èmi nìkan ni mo wá ta kú. Kì í ṣe pé n kò nídìí o. Ọkùnrin kan ti fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba oògùn lọ́wọ́ mi rí. Aṣọ rẹ̀ dá ṣáká, ó ń sọ èdè òyìnbó bí ẹni ń jẹ àkàrà. Ó na fóònù sí mi, ó ní owó ti wọlé, èmi náà sì ń dúpẹ́, mo tún fún un ní ọ̀rá tí yóò fi gbé ẹrù. Títí di òní, owó náà kò tíì wọlé. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu lọ́kàn mi pé àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó, ìlérí owó ni. Ẹni tó bá sì ṣèlérí owó fún mi tó gbé ọjà mi lọ, kí lorúkọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi? Àwìn ni!

Àmọ́ Àgbowó kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í sì í mú káàṣì rìn mọ́. N kò lè lé gbogbo wọn. Mo bá dá ọgbọ́n kan sí i: mo ṣí àkáǹtì, mo kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sára páálí, mo sì fi páálí náà sínú dúrọ́ọ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti san káàṣì, tí mo ti fi ra ọjà lára, tí mo ti gbàdúrà, màá gbé páálí síta. Láti orí ẹnì kejì lọ, ẹni tó bá wù kó ṣe tiransifá kó máa ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Láéláé. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí gan-an. Mo tilẹ̀ kọ́ Ìyá Ìbejì náà, ó ní òun kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú, ó gbẹ ẹnu gbẹ imú. Mo ti gbálẹ̀, mo ti nu orí káńtà, mo jókòó, mò ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó so gèlè mọ́ ọrùn, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ìnhélà?"

Ike kékeré tí àwọn tó ní ikọ́ fée máa ń fín sẹ́nu ló ń wí. Mo ní a ní in, mo mú un wá, mo gbé e sórí káńtà síwájú rẹ̀, mo sì sọ iye tó jẹ́ fún un. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Ẹ bá mi pe nọ́ḿbà àkáǹtì yín mà."

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò tíì tajà. Káàṣì ni màá gbà."

"Mi ò ní káàṣì lọ́wọ́ mà. Ta ló ń mú káàṣì dání mọ́?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi, mo mọ̀ báyìí. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn náà bí mi nínú. Mo ní, "Èmi lò ń bá wí bẹ́ẹ̀? POS wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Lọ gba káàṣì kó o padà wá, ìnhélà ò ní sá lọ."

Ó wo ìnhélà náà lórí káńtà. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé mà", ó sì jáde. Bó ṣe ń lọ, ó gbé fóònù sétí, ó fi ọwọ́ kejì di àyà rẹ̀ mú. Ibi tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín gan-an nìyí, ẹ má jẹ́ kí n sáré kọjá níbẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó fi di àyà mú. Olóògùn ni mí, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Mo rí i, ó sì yé mi. Mo kàn sọ fún ara mi pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, àti pé n kò ní torí ìṣẹ́jú márùn-ún ba gbogbo ọjọ́ mi jẹ́.

POS tí mo júwe fún un kò tíì ṣí. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ní òun kò ní owó lọ́wọ́. Kò dé ibi kẹta. Ohùn Bàbá Wàsíù ni mo gbọ́ lókèèrè, "Ìyá Kẹ́míìsì! Ẹ máa bọ̀ o! Ọmọ kan ti ṣubú síbí!" Mo gbá ìnhélà náà mú lórí káńtà, mo sì fi eré sí i. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi jábọ́ sójú títì, n kò padà mú un. Nígbà tí mo débẹ̀, gèlè ọrùn yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi, mo ń fín in sí i lẹ́nu, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Fà á sínú, ọmọ mi, jọ̀ọ́, fà á." Ẹni tí mo lé jáde nítorí owó, mo wá ń fín oògùn fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nínú eruku.

Bàbá Wàsíù gbé e, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, kíá ni wọ́n gbé afẹ́fẹ́ sí i nímú. Àmọ́ wọ́n ní kí àwọn tó gbé e wọ yàrá kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó kù, a ní láti san owó àsansílẹ̀. Èmi kì í ṣe aláìní, mo ní owó lára nígbàkigbà. Mo tú àpò tí mo so mọ́ ìdí, mo kó owó sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"A ò gba káàṣì mọ́ níbí mà. Tiransifá, tàbí káàdì."

"Ṣé owó kọ́ nìyí ni?"

"Owó ni mà. A kàn ò ní ibi tá a máa kó o sí ni. Ẹ má bínú o."

Ẹ wo ayé! Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn láàárọ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi báyìí, wọ́n kàn dorí rẹ̀ kodò ni. Àkáǹtì tèmi, owó nìkan ló ń gbà wọlé. N kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ jáde, torí mo ti sọ pé n kò ní í kọ́ ọ. Bàbá Wàsíù ti gbàgbé fóònù tiwọn sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan, owó kún ọwọ́ mi, mo sì dà bí aláìlówó.

Ibẹ̀ ni fóònù ọmọ náà ti dún. Ọwọ́ mi ló wà. Ohun tó hàn lójú rẹ̀ ni "Màmá Àgbà". Mo gbé e, kí n tó sọ ohunkóhun ni ohùn kan ti ní, "Ìtùnú, ṣé o ti rí oògùn náà rà?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn ló jí mi láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Màmá Olóògùn ni. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọmọ-ọmọ àwọn wọlé sí yunifásítì n'Íbàdàn, pé yóò wá kí mi bó bá ti fìdí kalẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí mo rí i kẹ́yìn.

"Màmá, èmi ni o," mo wí.

Wọ́n ní, "Kí lò ń fi fóònù ọmọ mi ṣe?" Mo sọ fún wọn pé ó ṣubú, pé a ti gbé e dé ilé ìwòsàn, pé wọn kò gba káàṣì. Wọn kò sunkún, wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ní kí nọ́ọ̀sì pe nọ́ḿbà àkáǹtì wọn fún mi." Nọ́ọ̀sì pè é. Mo ṣì ń ṣàlàyé bí ọyẹ́ ṣe mú tó láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí nọ́ọ̀sì wo fóònù tirẹ̀, ó ní, "Ó ti wọlé mà." Ọ̀gá mi, arúgbó tó lé ní àádọ́rin ọdún, jókòó sórí àga wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sanwó ní Bódìjà, èmi tí mo wà ní Bódìjà kò sì lè san án.

Ìtùnú kò kú. Ọlọ́run ló yọ mí. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi dé pẹ̀lú ìgò kaṣú mẹ́fà, èyí tí wọ́n yan fúnra wọn, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ lára ọmọ mi." Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọlọ́run ni ká dúpẹ́ fún, Màmá." Mo gba ọpẹ́, mo gba kaṣú. Ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò mí. Ìgbà tí ìyá ìyá rẹ̀ jáde lọ bá dókítà ló tó sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè rárá.

"Mi ò sọ fún wọn mà."

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Ìgò kaṣú mẹ́fà yẹn wà lórí pẹpẹ mi fún odidi oṣù kan, n kò tọ́ ẹyọ kan wò. Mo ń bá ara mi jiyàn. Mo ní, èmi náà kọ́ ni mo gbé oògùn sáré? Mo ní, òfin tí ọ̀gá kọ́ mi kọ́ ni mo tẹ̀ lé? Ẹnu tó mú yẹn ni mo ń fi dá ara mi láre, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Ìtùnú padà sí kíláàsì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì. Ọjọ́ kìíní, mo ní bóyá ó ń sáré ni. Ọjọ́ kejì, mo ní bóyá oòrùn ló ń sá fún. Ní ọjọ́ kẹta, ó yé mi. Mo gbé fóònù, mo fẹ́ pe ọ̀gá mi kí n sọ ọ́ kó tán, mo tún gbé e sílẹ̀. Owó ni fóònù lè bá èèyàn gbé lọ. Ẹ̀bẹ̀, àfi kéèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ ní Òjòó, mo gbé ìgò kaṣú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé itan títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni nọ́ḿbà àkáǹtì tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba sára ògiri, níbi tí wọ́n máa ń gbé owó àkọ́kọ́ sí nígbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò yọ ọwọ́ tí ọmọ náà fi di àyà mú sílẹ̀. Wọ́n ń to oògùn lọ ní tiwọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo gbé ojú sókè wò wọ́n.

"Bó ṣe ń wá POS kiri ló pè mí. Ó ní ìyá kan tó ní kẹ́míìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀ ní òun ò gbọdọ̀ fi fóònù sanwó torí ìyá náà ò tíì tajà. Ta ni mo kọ́ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Àgbowó? Nígbà tó o wá gbé fóònù ọmọ, tí mo gbọ́ ohùn rẹ, gbogbo rẹ̀ yé mi, kò ku ẹyọ kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbé kaṣú wá fún mi, Màmá?"

"Ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì ní ó fi bàtà ẹyọ kan sáré ni mo gbé e wá fún. Ìkejì rẹ̀, ẹni tó lé ọmọ mi jáde, mò ń retí kó wá ni. O sì pẹ́ o."

Mo sunkún, ẹ má bi mí. Síbẹ̀, ẹ wo ìwà mi, pẹ̀lú omijé lójú, mo ṣì ń rojọ́. Mo ní, "Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní a kì í tàwìn láàárọ̀." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé páálí ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Èmi ni. Àwọn tó ń gba àwìn láàárọ̀ nígbà náà kì í padà wá san án, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ yẹn fẹ́ san án lójú ẹsẹ̀. Àwìn ni mo ní kó o má tà. Mi ò ní kó o má ta oògùn fún ẹni tí èémí ń ṣẹ́ lọ́wọ́." Wọ́n wá sọ ohun tó gbé àwọn dé ìdí owó orí fóònù. Ojú wọn ni kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn kan ti ń na igba náírà sí wọn, wọ́n á pè é ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n á tún gba ṣéńjì lé e. Ọmọ wọn kan bá ṣe fóònù fún wọn, kó máa sọ iye tó wọlé sétí wọn. "Owó tí mò ń dì mú ló ń rẹ́ mi jẹ," wọ́n ní. "Èyí tí n kò rí ni kò rẹ́ mi jẹ rí."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí láti ọjọ́ tí mo gbé fóònù. Wọ́n kó kaṣú wọn padà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àmọ́ èmi kọ́ lo lé jáde."

Láti ìgbà náà, páálí nọ́ḿbà àkáǹtì mi ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, alẹ́ ni mo ń mú un wọlé, ìdájí ni mo ń gbé e síta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ohun tó bá ní lọ́wọ́ ni kó fi san án. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ jáde pẹ̀lú, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì péré, ojú tì mí pé n kò tètè kọ́ ọ. Ọjà mi kò bàjẹ́, ó tún ń tà sí i ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín: bí àlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá ti wọlé báyìí, fóònù náà ni mo ń gbé ra páálí oògùn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti káàṣì ń gbọ́ ti fóònù.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ ju àṣà àwọn tó kọ́ yín níṣẹ́ nù. Mo kàn ní kí ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ má baà fi lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Kí ẹ sì wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín kí ẹ tó wo ohun tó mú dání.

Ohun tó wá kù ni ti Ìtùnú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà, mo ti bẹ àgbà rí, wọ́n á bínú, wọ́n á sọ̀rọ̀, á tán. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ ọmọ tẹ́ ẹ lè bí lọ́mọ rí, ọmọ tí kò bínú sí yín, tó ń kí yín láràárọ̀, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ohun tí mo rò nìyí, bí kò bá dára, ẹ tètè sọ fún mi. Lọ́la, bó bá ti yọ lókèèrè, n kò ní jẹ́ kó sọdá, èmi ni màá sọdá lọ bá a, ìnhélà á wà lọ́wọ́ mi. Màá ní, "Ìtùnú, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò tíì tajà. Wá bá mi ṣí ọjà." Bó bá sì ní òun kò ní káàṣì lọ́wọ́, màá pe nọ́ḿbà àkáǹtì mi fún un láìwo páálí.